Ẹni Tí Kò Ní Olùkọ́ Lórí Yìnyín

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò lónìí lè dà bí àlá létí ẹlòmíràn: báwo ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ijó orí yìnyín, tí kò sì ní olùkọ́, ṣe lè tẹ̀ síwájú? Kò sí pápá yìnyín ní Ìlaròó, kò sí ní Ayétòrò. Síbẹ̀ ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kò jìnnà sí wa: kí ni ènìyàn lè fi ojú ara rẹ̀ kọ́, níbo sì ni agbára ojú náà pin sí?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ilẹ̀ Yewa àti Kétu, níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fìdí múlẹ̀, ọmọdé kì í jókòó sí kíláàsì kí ó tó mọ ijó náà jó. A máa wo àgbà, a máa gbọ́ ìlù, a sì bọ́ sí agbo. Irin ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún bá ìlù mu. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì, irin náà yóò tú àṣírí rẹ̀ lójú gbogbo èrò. Ǹjẹ́ a lè pe ọmọ yìí ní aláìlólùkọ́? Rárá. Ìlù, irin àti ojú èrò ni olùkọ́ rẹ̀.

Kí wá ni ìlù ẹni tí ó dá wà lórí yìnyín? Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Irin ìsàlẹ̀ bàtà náà ní etí méjì, ti inú àti ti òde. Bí a bá fi ara tẹ̀ sí ọ̀kan, yóò fa ìlà tí ó tẹ̀ sórí yìnyín. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń dán àwọn eléré wò nígbà kan rí. Ọdún 1990 ni wọ́n lò ó kẹ́yìn nínú ìdíje àgbáyé. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wo ìlà tirẹ̀ yóò rí àṣìṣe rẹ̀ kedere, bí ọmọ iléèwé ti í rí i lórí wàláà.

Bí a ti í ṣubú ni a ó kọ́kọ́ kọ́: kí a tẹ orúnkún, kí a fi ẹ̀gbẹ́ lọ sílẹ̀, kí a sì ká ìka mọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni yíyọ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì, dídúró, àti yíyọ̀ lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí kò ní olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣe bí àgbà, kí ó wá ohun tí ó gbé e ṣubú.

Ẹ gbọ́ ìtàn Mabel Fairbanks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí a bí ní Amẹ́ríkà ní 1915. Bàtà àlòkù tí ó tóbi jù ú lọ ni ó rà ní New York, ó sì fi òwú dí i. Wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà pápá yìnyín nítorí àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń padà lọ títí wọ́n fi gbà á wọlé. Ó ń tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ó sì ń dán an wò. Nígbà tí ó yá, òun náà di olùkọ́. Tai Babilonia àti Randy Gardner, tí wọ́n gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1979, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan lè fi ìtàn yìí sọ pé olùkọ́ kò wúlò. Òdì kejì ni mo rí kà nínú rẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Fífò sókè kì í ṣe ohun tí ènìyàn í dá kọ́. Àṣìṣe tí ó bá ti di bárakú, títú rẹ̀ a máa pẹ́. Ìfaradà obìnrin yìí yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ọn kò yẹ fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá rí ọmọ tí ó ń fi bàtà onítáyà yọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ má ṣe lé e. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ fún un, kí ó ní ohun tí yóò máa tẹ̀ lé.