Ta Ló Béèrè Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Ràṣídì Yẹkínì

 

Lóṣù kẹfà ọdún 1994, a gbé tẹlifíṣọ̀n síta nínú ọgbà kan ní Oko-Ọba l'Ágége, a tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo àdúgbò sì pé lé e lórí. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà ni wọ́n ṣì wà ní Dallas lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ tiwa, agogo méjìlá òru ti kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa dé ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá ọ̀tún, ó gba iwájú ilé Bulgaria kọjá, Ràṣídì Yẹkínì sì sá pàdé rẹ̀, ó tì í sínú àwọ̀n. Nàìjíríà kò gbá góòlù kankan wọlé ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí ṣáájú èyí.

Kò sá lọ dì mọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ilé góòlù gan-an ló wọ̀ lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó dì í mú, ó gbójú sókè, ó ń ké. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé nígbà yẹn pàápàá ti rí àwòrán náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó, n kò sì lè wò ó mọ́ kí inú mi dùn láìsí ìrora nínú rẹ̀. Ọkùnrin yẹn rí nǹkan dì mú lọ́jọ́ náà. Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ó ń ṣubú, kò rí.

Kaduna ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1963, ṣùgbọ́n ọmọ Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni, Ìrá tí àwọn àgbà ní Ọya ti wọlẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìkẹjà àti Agége ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yẹ kó yé jù lọ, nítorí inú kọ́ńpìnnì ló ti bẹ̀rẹ̀. UNTL, ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá tó wà ní Kaduna, ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún. Ẹ sì mọ ohun tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́ńpìnnì jẹ́ láyé ìgbà yẹn. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dáa, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó oṣù. Á rí oúnjẹ jẹ ní kántíìnì, bó bá fara pa, nọ́ọ̀sì kọ́ńpìnnì á dì í. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, tí a kì í kà sí nǹkan, ni pé bí kò bá yọjú fún ọjọ́ méjì, fọ́mà á rán ẹnì kan lọ wò ó. Ẹnì kan á béèrè rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ sọ́dọ̀ Shooting Stars n'Ìbàdàn lọ́dún 1982, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta, ẹgbẹ́ tó gba Challenge Cup lọ́dún 1985 àti 1987. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìyẹn. Ní ọjọ́ tí Yẹkínì gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ní Dallas, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yẹn, ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó, àwọn ológun sì ń wá a. Ọjọ́ kejì sí i ni wọ́n mú un. Ìdùnnú wa lóru ọjọ́ náà kò pé wákàtí méjìdínláàádọ́ta tó fi di ẹkún.

Abidjan ló lọ lẹ́yìn Abẹ́òkúta, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Africa Sports, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Vitória Setúbal ní Pọ́túgà. Góòlù 21 ló gbá wọlé ní sáà 1993 sí 1994, kò sì sí ẹni tí góòlù tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì wọn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà, lọ́dún 1993. Góòlù 37 ló gbá wọlé fún Nàìjíríà, ó sì lé ní ogún ọdún lẹ́yìn tó bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a.

Lẹ́yìn Dallas, ìrìn náà di ìrìn àrìnká: Olympiacos, Gijón, Setúbal lẹ́ẹ̀kan sí i, Zürich, Tùnísíà, Saudí Arábíà, Abidjan, kó tó darí sílé wá gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger l'Ékòó níbí. Lọ́dún 2005, ní ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ó tún wọ bàtà bọ́ọ̀lù fún Gateway l'Ábẹ́òkúta. Àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà nígbà yẹn pé kí ló tún ń wá. Èmi mọ ohun tó ń wá. Orí pápá nìkan ló ṣẹ́kù tí ẹnì kan ti ń pe orúkọ rẹ̀ láràárọ̀ tí á sì dáhùn.

N'Ìbàdàn ló fìdí kalẹ̀ sí, ó ń dá gbé. Nígbà tó yá, àwọn ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e pé ó ti yẹra fún èèyàn, pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà ni pé wọ́n mú un kúrò nílé, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2012 ló kú, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ìrá ni wọ́n sin ín sí.

N kò wá síbí láti dá ẹbí kankan lẹ́jọ́. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ bá ti wọ ilé rẹ̀ rí mọ bí ọ̀nà ṣe ń dí mọ́ èèyàn lójú. Àwa ará ìta ni mo ń bá wí. Tí ẹsẹ̀ Yẹkínì bá kán, gbogbo Nàìjíríà ni ì bá máa béèrè ilé ìwòsàn tó wà. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣàárẹ̀, ni a bá ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀: wọ́n ti ṣe é, ayé ti dà á rú. A sọ ọ́ tán, a padà sẹ́nu iṣẹ́ wa. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun nìkan. Lọ́dún 2015, FIFPRO, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé, gbé ìwádìí kan jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì nínú àwọn tí wọ́n bi léèrè, 35 ló ń jìjàkadì pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn.

Kí ló kan Ìkẹjà nínú èyí? Lóṣù kẹwàá ọdún 2007, UNTL tí Yẹkínì ti bẹ̀rẹ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dunlop ṣíwọ́ táyà ṣíṣe n'Ìkẹjà níbí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló gba ilé lọ. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí kọ́ńpìnnì rẹ̀ kógbá sílé láwọn ọdún yẹn. Láràárọ̀, á wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, á so bàtà rẹ̀, á jókòó sójú ọ̀nà bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. A ń kí i: "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o." Á dáhùn. A ń kọjá. Èmi náà kọjá, fún bí oṣù mẹ́rin. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ló padà jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, kí ló ń ṣe yín gan-an?" Ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn rẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní pé èmi tí mo kàwé kọ́ ni mo béèrè.

Ọ̀nà ìtọ́jú kò sì ṣàjèjì sí wa. Ilẹ̀ Yorùbá níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti fi han gbogbo ayé, ní Aro l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, pé a lè tọ́jú aláàárẹ̀ ọpọlọ láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó fi àwọn aláìsàn sílé àwọn àgbẹ̀ láwọn abúlé tó yí Aro ká, ará ilé wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń gba òògùn. Kò lé oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù, ó pè é kí wọ́n jọ ṣe é. Òfin àtijọ́ tó ń pe irú àwọn èèyàn yìí ní wèrè wà nílẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 2023 tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun.

Ọ̀nà Abẹ́òkúta tó gba Agége kọjá yìí ló lọ sí Aro. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣì ní nọ́ńbà ara yín lórí fóònù. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò gbúròó rẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Kí ẹ tó dé ilé lálẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà kí i. Bó bá ní kò sí nǹkan, ẹ jókòó, kí ẹ tún un béèrè.