Iyọ̀ Tàbí Kílórínì Nínú Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Ilé



Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìbéèrè wọn ni pé, ṣé iyọ̀ ni kí àwọn dà sí omi náà ni, tàbí kílórínì? Bí ẹ kò tilẹ̀ ní adágún nílé, ọmọ yín lè lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Omi oníyọ̀ kì í ṣe omi tí kò ní kílórínì. Sódíọ̀mù àti kílórínì ni ó para pọ̀ di iyọ̀ tí a ń jẹ. Bí omi oníyọ̀ bá ń gba inú ẹ̀rọ kan kọjá, iná mànàmáná a máa yọ kílórínì jáde lára iyọ̀, òun ni ó sì ń pa kòkòrò àrùn. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Ọ̀nà tí kílórínì gbà dé inú omi ni ó yàtọ̀.

Iyọ̀ náà kò tó ti òkun rárá. Nǹkan bíi gíráàmù 3 nínú lítà omi kan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fẹ́. Ti òkun tó gíráàmù 35. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí adágún bá gba lítà 50,000, kílò iyọ̀ 150 ni a ó dà sí i, èyí ni àpò oníkílò 50 mẹ́ta. Iyọ̀ náà kì í tètè tán, omi rẹ̀ a sì máa tu ni lára.

Ṣùgbọ́n orí iná ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ kò ní ṣe kílórínì kankan, oòrùn yóò sì máa jẹ èyí tí ó wà nínú omi. Omi lè mọ́ lójú kí àrùn wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ a sì máa jẹ irin, ẹ̀rọ náà a sì máa gbó.

Ẹni tí ń fi ọwọ́ da kílórínì kò nílò ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀lẹ. Kí ó máa yẹ omi wò lójoojúmọ́, kí kílórínì má ṣe dín ní mílígíráàmù 1 nínú lítà kan. Ẹ má ṣe po kílórínì mọ́ ásíìdì láéláé: èéfín olóró tí yóò jáde lè pa ènìyàn. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Òórùn tí ń ta ni nímú kì í ṣe àmì ìmọ́tótó. Òógùn àti ìtọ̀ tí ó bá kílórínì pàdé ni ó ń fà á. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wẹ ara yín kí ẹ tó wọ omi, ẹ má sì tọ̀ sínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: bí iná kò bá dúró déédé ládùúgbò yín, ẹ yan kílórínì àfọwọ́dà. Bí ẹ bá sì ti ra ẹ̀rọ iyọ̀, ẹ tọ́jú kílórínì díẹ̀ de ọjọ́ tí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, kò lè yọ ọmọ tí ń rì. Ẹ fi ọgbà yí adágún ká, kí àgbàlagbà sì máa wà létí rẹ̀ nígbà gbogbo. Lóòótọ́ ni pé omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ó dàárọ̀ o.