Ìbọ̀wọ́ Ṣáájú Ìbomú: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Fi Ránṣẹ́ sí Àwọn Tí Ń Fín Kòkó

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé)

A kò ní pẹ́ lórí ìdúró, a mọ̀ pé ìrẹsì ń dúró dè wá.

Púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé owó kòkó ni a fi rán wa lọ sí ilé-ìwé. Títí di òní ni àwọn òbí àti ẹ̀gbọ́n wa ní agbègbè Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ń fín oògùn sí kòkó. Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, èso a bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi, wọn a sì gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Ó dára bí a bá rántí wọn nígbà tí a bá ń di ẹrù sínú dírọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n kí ni kí a fi sí i?

Ohun tí a sábà máa ń rí ni ìbomú pẹlẹbẹ, irú èyí tí ó ṣẹ́kù láti ìgbà Kòrónà. Ìyẹn kò lè dá ooru oògùn dúró. Bí omi oògùn bá sì ta sí i, ṣe ni yóò lẹ̀ mọ́ imú ẹni. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ a rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, a sì wá fi ọwọ́ lásán po oògùn.

Awọ ara ni oògùn sábà ń gbà wọ inú àgbẹ̀, ọwọ́ ni ó sì ń kàn jù. Ìgbà tí a ń bù ú láti inú ìgò, tí a kò tíì fi omi là á, ni kí a ṣọ́ra jù lọ. Nítorí náà, bí owó bá kéré, ìbọ̀wọ́ ni kí a kọ́kọ́ rà: ti nitrile tí ó nípọn, tí ó gùn tó 300 mm, tí kò ní òwú nínú. Níhìn-ín ní Ìlú Ọba, ẹ wá EN ISO 374 lára rẹ̀. Èyí tí ó bá ní EN 388 nìkan, ti gígé àti híha ni, kì í ṣe ti oògùn. Ìbọ̀wọ́ awọ àti ti òwú a máa fa oògùn mu, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò a sì tètè ya.

Bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Èso kòkó wà lókè, apá afínkòkó a máa nà sókè, omi oògùn a sì máa ṣàn bọ̀ síhà ìgúnpá. Kí ó fa ẹnu ìbọ̀wọ́ bo apá aṣọ, kí ó sì ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ sóde kí ó lè gba omi náà. Ti bàtà rọ́bà yàtọ̀: ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni yóò wà lóde. Bí ó bá wà nínú, bàtà a di ìkòkò oògùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ike tí ó mọ́ gaara tí ó bo gbogbo ojú, àti rọ́bà tí a ń so mọ́ iwájú ara, bí ti àwọn alápatà, fún ìgbà tí wọ́n bá ń po oògùn.

Àwọn oògùn kan wà tí ó ń fẹ́ ìbomú gidi, èyí tí ó ní àgólò asẹ́. Àwòrán ara ìgò ni yóò sọ ọ́. Èyí tí a ń tà níhìn-ín fún irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń jẹ́ A2P3, tí ó ní ọ̀já búráùn àti funfun. Asẹ́ a máa tán lágbára, nítorí náà ẹ fi òmíràn tì í. Kò sì lè lẹ̀ dáadáa mọ́ ojú ẹni tí ó dá irùngbọ̀n sí. (Ta ni yóò sọ fún Bàbá kí wọ́n fá a?)

Ní ti aṣọ funfun oníke tí ó bo gbogbo ara, àwa kò fara mọ́ ọn. Ooru ilé wa kò ní jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ pẹ́. Aṣọ òwú tí ó nípọn, tí apá rẹ̀ gùn, tí a ń fọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ojoojúmọ́, sàn ju aṣọ olówó iyebíye tí a bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi. Kí a fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí ìyá tí ń fọ̀ ọ́ náà sì ní ìbọ̀wọ́ tirẹ̀.

Àwọn oògùn kan wà tí aṣọ kankan kò sọ di ohun tí ó yẹ ní lílò. Gámálìn tí wọ́n ń lò ní àwọn ọdún 1960, lindane ni ó wà nínú rẹ̀, a sì ti fi lindane sí ara àwọn májèlé tí Àdéhùn Stockholm kọ̀ ní 2009. NAFDAC fi òfin de paraquat láti oṣù kìíní ọdún 2024. Bí ènìyàn bá gbé ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ mì, ó lè pa á, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Bí ìyókù bá wà nínú yàrá, pàápàá nínú ìgò mínírà, ẹ tẹ ilé láago lálẹ́ òní.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ya fọ́tò ara ìgò oògùn náà ránṣẹ́ sí yín. Bí ọ̀já ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá pupa, èyí tí ó le jù ni, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè ìwọ̀n ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ wọn.