Kí o tó gba ṣọ́ọ̀bù: ọkọ̀ Kogi àti wàrà sóyà

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ta oúnjẹ máa ń bi ara rẹ̀ pé: ṣé kí n gba ṣọ́ọ̀bù ná ni, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ lójú títì?

Ìtàn kan wà láti Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, tó lè ràn wá lọ́wọ́. Ọdún 2008 ni, ìgbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Roy Choi. Seoul, ní Korea, ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n agbègbè Los Angeles ló dàgbà sí. Ó ti kọ́ṣẹ́ oúnjẹ, ó sì ti ṣe ọ̀gá ní kíṣìnì òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Mark Manguera ló mú àbá kan tọ̀ ọ́ wá: kí wọ́n sun ẹran bí àwọn ará Korea ṣe ń sun ún, kí wọ́n wá kó o sínú taco, ìyẹn àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tí àwọn ará Mẹ́síkò máa ń ká mọ́ ẹran àti ata.

Wọn ò gba ilé. Ọkọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n pè é ní Kogi. Nǹkan bíi dọ́là 2 ni taco kan. Ọjà ò kọ́kọ́ yá. Wọ́n lọ páàkì síwájú àwọn ilé fàájì lálẹ́, wọ́n fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń wọlé. Wọ́n tún ń kọ ibi tí ọkọ̀ máa wà sórí Twitter. Kò pẹ́ tí èrò fi ń tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Ọdún 2010 ni ìwé ìròyìn Food & Wine ka Roy Choi mọ́ àwọn alásè tuntun tó dára jù ní Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn náà ló ṣí Chego, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì inú abọ́ pẹ̀lú ẹran àti ata. Ọkọ̀ ló ṣáájú, ilé ló tẹ̀lé e.

Irú oúnjẹ yìí ni wọ́n ń pè ní Asian fusion: oúnjẹ Éṣíà tí wọ́n pò mọ́ ti ibòmíràn. Ní Los Angeles, àwọn ará Korea àti àwọn ará Mẹ́síkò jọ ń gbé àdúgbò ni, ìyẹn ni adùn méjèèjì fi pàdé.

Irú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa náà. Éṣíà ni sóyà ti wá. Wọ́n mú un wọ Nàìjíríà ní 1908, nígbà tó sì di ìparí àwọn ọdún 1980, IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè fi sóyà se oúnjẹ. Ohun tí wọ́n ń pè ní tofu la sọ di wàrà sóyà. Àwọn Fúlàní ló ń fi ewé bòmubòmu mú wàrà màlúù dì. Fún ti sóyà, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbé omi rẹ̀ kaná, wọ́n á sì da omi ògì tó ti kan sí i títí tó fi máa dì. Wọ́n á fún un nínú aṣọ, wọ́n á gé e, wọ́n á dín in, wọ́n á bu ata sí i. Ìgbà tó bá dé Èkó, tí wọ́n gbé e sínú abọ́ funfun, owó rẹ̀ á wá yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ọmọbìnrin kan kó àjọ, ó gba ₦400,000. Ó san ₦150,000 fún ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dà àti páálí orúkọ gba ₦100,000. Àga àti fíríìjì gba ₦120,000. Ẹ wo ohun tó kù fún sóyà, òróró àti gáàsì: ₦30,000. Bí ọjà ò bá yá lọ́sẹ̀ méjì, owó òróró ti tán, bẹ́ẹ̀ landlọ́ọ̀dù ò ní dá owó padà.

Ẹni tó gbé báàsì àti sítóòfù jáde lè kùnà lónìí, kó sì ṣí lọ síbòmíràn lọ́la. Òwúrọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ìrọ̀lẹ́, gáréèjì. Ọjọ́ ọjà, inú ọjà. Kó fi ibi tó wà sí status WhatsApp láàárọ̀. Kó fún àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta ní wàrà jẹ. Àwọn ló ń gbé gbogbo ìlú. Kó bo oúnjẹ rẹ̀, kí omi rẹ̀ mọ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù ò dáa o. Òjò ń rọ̀, àwọn oníbàárà sì fẹ́ jókòó. Àmọ́ bí ọjà rẹ bá ń tán kí ọ̀sán tó pọ́n, lọ́jọ́ púpọ̀, tí àwọn èèyàn ṣì ń béèrè, ìgbà yẹn ni kí o wá ilé. Òkìkí kì í san owó ilé. Roy Choi kan náà yìí bá ẹlòmíràn dá LocoL sílẹ̀ ní Watts ní 2016, gbogbo ayé gbọ́ sí i. Ní 2018 wọ́n ti ilé oúnjẹ náà pa.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bí o bá fẹ́ kọ́ wàrà sóyà, lọ bá ìyá tó ń dín in, kí o sanwó ẹ̀kọ́. Má kàn ya fídíò lọ́wọ́ rẹ̀, kí o wá lọ máa pè é ní tofu tìrẹ. Bí o bá gbé e dé ìlú ńlá, ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, kí èrè náà dé Ìgbẹ́tì.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ti fẹ́ lọ san owó ṣọ́ọ̀bù.