Nígbà tí Àìsàn Ọkàn Méjì bá Pàdé lára Ẹnì Kan

Ọ̀rọ̀ tí a yàn fún mi kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ ní gbangba: OCD àti bipolar ni, nígbà tí méjèèjì bá wà lára ẹnì kan ṣoṣo.

Nínú OCD, èrò tí ènìyàn kò fẹ́ a máa já wọ inú rẹ̀ léraléra. Láti lé e lọ, òmíràn a máa wẹ ọwọ́ títí awọ yóò fi bó. Òmíràn a tún àdúrà kan náà gbà nígbà ogún nítorí pé ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run ni ó ń wá sí ọkàn ẹlòmíràn, tí ẹ̀rù sì ń bà á pé òun ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì. John Bunyan, ẹni tí ó kọ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, sọ nínú ìwé tí ó kọ nípa ayé ara rẹ̀ ní 1666 bí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti dá a lóró. Ẹni tí ọ̀ràn yìí ń bà lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, ọ̀tá Ọlọ́run kọ́.

Ní ti bipolar, ọkàn a ru sókè nígbà kan, aláìsàn kì í sì í sùn, a máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, a máa ná owó ní ìnákúnàá. Nígbà mìíràn ọkàn a rì, dídìde lórí ibùsùn a sì di iṣẹ́. (Mo ti gbọ́ tí a pe ti ìṣáájú ní ìmísí Ẹ̀mí, tí a sì pe ti ìkejì ní ọ̀lẹ.)

Ibi tí ìṣòro wà nìyí: oògùn tí a fi ń wo OCD lè ru bipolar sókè. Nítorí náà, àwọn dókítà a sábà kọ́kọ́ fi oògùn bíi lithium mú ọkàn dúró. Lẹ́yìn náà ni wọn a kọ́ aláìsàn, díẹ̀díẹ̀, láti dojú kọ ohun tí ń bà á lẹ́rù: kí ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kí ó má sì wẹ̀ ẹ́, kí ó gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan, kí ó ṣe àmín, kí ó sì dìde.

Ẹ̀yin pásítọ̀, bí ọmọ ìjọ bá bi yín lẹ́ẹ̀kẹwàá pé, “Bàbá, ṣé Ọlọ́run ti dárí jì mí?” ìdáhùn yín a tù ú nínú fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ó jẹ́ fún OCD. Ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìfẹ́, kí ẹ sì ràn án lọ́wọ́ láti fara da iyèméjì tí ó kù.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ni kí ẹ fetí sí jùlọ. Ẹni tí ń lo lithium kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ tí a kì í mu omi láìbi dókítà rẹ̀. Bí omi bá gbẹ lára, oògùn náà a pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, a sì di májèlé: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ọwọ́ gbígbọ̀n, ìrìn títa gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́. Bí ẹ bá rí èyí, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Ìṣọ́ òru pẹ̀lú ń kọ́? Àìsùn lè ru bipolar sókè. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbàdúrà ní ọ̀sán. Kí wòlíì kankan má sì ṣe sọ fún un pé kí ó da oògùn nù, nítorí dídá lithium dúró lójijì a máa mú àìsàn náà padà.

Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Yábàá, Kàdúná, Ẹnúgù, Kàlàbá àti Màìdúgùrì. Ní Gánà, ó wà ní Àkrà àti Pantang. Ó wà ní Àrò pẹ̀lú, ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954 tí aláìsàn fi ń gbé ní abúlé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ru sókè kì í sábà mọ̀ pé ara òun kò yá; nítorí náà kí ìbátan kan bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó sọ iye wákàtí tí ó ń sùn, àti gbogbo oògùn tí ó ń lò, títí kan àgbo.