Ọ̀gá Tó Fún Ọmọ Iṣẹ́ Láyè

 

Nílùú Florence, nílẹ̀ Ítálì ayé àtijọ́, Verrocchio jẹ́ ọ̀gá ayàwòrán. Leonardo da Vinci ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ń ya àwòrán ìrìbọmi Jésù, ó wá ní kí ọmọ iṣẹ́ ya áńgẹ́lì kan sí i.

Ẹ bá mi wo áńgẹ́lì yẹn. Ó kúnlẹ̀. Ó gbé aṣọ Jésù dání. Ó kẹ́yìn sí wa díẹ̀, ó yíjú sí Olúwa rẹ̀. Irun rẹ̀ ká, ó ń dán lẹ́bàá ọrùn. Àfi bí ẹni tó ń mí!

Vasari, tó kọ ìtàn wọn, ní látọjọ́ náà, Verrocchio ò fọwọ́ kan ọ̀dà mọ́, torí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ àwòrán yà jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ń ká mi lára. Ta ló kọ́ Leonardo níṣẹ́? Verrocchio ni. Ta ló fún un láyè lórí àwòrán ara rẹ̀? Verrocchio náà ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ iṣẹ́ yín náà fọwọ́ kan iṣẹ́ gidi lónìí.