Àyè Ìka Kan Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Awakọ̀
Ọ̀rọ̀ tí àwa ará ibi àtúnṣe ọkọ̀ bá ẹ̀yin awakọ̀ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

Ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, nítorí àríyànjiyàn tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbàkúùgbà tí ọ̀kan bá jó. Awakọ̀ á ní mẹkáníìkì ni kò so ó dáadáa. Mẹkáníìkì á ní awakọ̀ ló gbé ẹsẹ̀ lé e. Bí àwa méjèèjì ti ń bára wa jà, ọ̀gá á mú kálámù, á yọ owó náà nínú owó oṣù ẹnì kan.

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Fuláíwíìlì jẹ́ irin róbótó tó wúwo, tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Pléètì kílọ́ọ̀ṣì wà lórí ọ̀pá tó wọ inú gíábọ́ọ̀sì lọ. Puréṣọ̀ pléètì, tí sípíríìngì líle wà lẹ́yìn rẹ̀, ló ń tẹ pléètì yìí mọ́ fuláíwíìlì, tí gbogbo wọn fi ń yí pọ̀ bí ẹyọ kan. Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kébù á fa apá irin kan, apá náà á ti bẹ́árìn, bẹ́árìn á tẹ sípíríìngì, pléètì á sì bọ́. Ìgbà yẹn ni jíà ṣeé yí padà. Ẹ kíyè sí i: ẹsẹ̀ yín kì í so kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, ńṣe ló ń tú u. Sípíríìngì ló ń so ó.

Nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ó yẹ kí àyè díẹ̀ wà láàárín bẹ́árìn àti sípíríìngì. Ẹ ó mọ àyè yìí lára pẹ́dà: ibi tó ti ń lọ wẹ́rẹ́ kí ó tó le ni. Lára ìjàpá Volkswagen, àti bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ tí ará Èkó sọ di dánfó, mìlímítà 10 sí 20 ni, bí ìka kan ṣe nípọn. Ọ̀pọ̀ rò pé bí pléètì bá ti ń jẹ, àyè náà á máa fẹ̀ sí i. Rárá o, ńṣe ló ń dínkù. Bí pléètì ṣe ń tín-ín-rín, puréṣọ̀ pléètì ń sún mọ́ fuláíwíìlì, ẹnu sípíríìngì sì ń padà sẹ́yìn wá bá bẹ́árìn. Bí àyè bá tán, bẹ́árìn á máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà, bí ẹni pé ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dà. Pléètì á máa yọ̀, á gbóná, á jó. Nítorí náà, awakọ̀ tó bá ní kí a fún un kí ó le pọ́n-ún, ẹ má bínú, a kò ní ṣe é.

Orí òkè ni ẹ ó ti kọ́kọ́ mọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ kò ní sáré, ẹ ó sì gbọ́ òórùn. Bí àyè bá wá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kò ní tú tán. Jíà á máa ké bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́.

Láti tún un ṣe lára Volkswagen, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi igi dí táyà. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, lápá òsì, ẹ ó rí ìdí kébù àti nọ́ọ̀tì elétí méjì. Ẹ fi púláyà di ìdí kébù mú kí ó má lọ́. Yíyí nọ́ọ̀tì wọlé ń dín àyè kù, yíyí i jáde ń fi kún un. Kí etí rẹ̀ jókòó sínú ihò rẹ̀, kí ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀melòó kan, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí nọ́ọ̀tì bá ti dé òpin, ẹ jẹ́ kí a yẹ pléètì àti kébù wò. Ọkọ̀ tó ń fi ọ́ìlì ti kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tún ara wọn ṣe. Kí ẹ ṣáà máa wo ọ́ìlì náà. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀tì tó lè gba ẹni tó ń fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí awakọ̀ wọn àyè náà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí mẹkáníìkì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ yọ owó oṣù yóò kọ́kọ́ ka ìwé yẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe ti owó. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ pléètì àtijọ́, ojú lásán kò sì lè mọ èyí tó ní in. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń fa jẹjẹrẹ, ó sì lè ju 20 ọdún lọ kí àìsàn náà tó hàn. Àjọ ILO ṣe àdéhùn lórí rẹ̀ ní 1986. Ìjọba Bìrìtìkó fòfin dè é ní 1999. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tàbí ẹnu fẹ́ eruku kílọ́ọ̀ṣì. Aṣọ tí a rẹ sínú omi ni kí a fi nù ún, agbanisíṣẹ́ ló sì yẹ kó pèsè ìbomú. Ọmọ iṣẹ́ tí ẹ bá rí tó ń fẹ́ ẹ, ẹ dá a dúró, kódà bí ọ̀gá rẹ̀ bá wà níbẹ̀.